Ìwé Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Wọn Kò Yẹ Ọ̀pá Wò

Ọ̀rọ̀ òfin ààbò ni mo fẹ́ sọ lónìí, pàápàá òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọ̀pá gbé gáàsì gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá láàárín ìlú. Ìbéèrè mi kò gùn: bí ìjọba bá ti ṣe òfin, tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ló tún kù? Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí màá fi ṣàlàyé ṣẹlẹ̀ ní ìlú San Bruno, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2010. Ilẹ̀ tó ní òfin ni, ó lówó, ó ní ẹ̀rọ, ó sì ní àwọn olùbẹ̀wò. Síbẹ̀, ènìyàn 8 bá iná lọ níbẹ̀ nítorí ohun kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún 54, tí kò sí olùbẹ̀wò kan tó rí i.

Gáàsì wo là ń sọ?

Gáàsì tí à ń rà nínú sìlíńdà láti fi dáná kọ́ ni mò ń wí o. Ìyẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń rá sí. Èyí tí mò ń wí ni gáàsì tí wọ́n ń fà jáde látinú ilẹ̀, tí mẹtéènì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn burúkú tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ bó bá jò nínú ilé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni. Ìtàn tó wà nídìí ìyẹn kò dùn-ún gbọ́. Lọ́dún 1937, gáàsì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ òórùn rẹ̀ kóra jọ lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì bú gbàmù. Nǹkan bí ènìyàn 300 ló kú, àwọn ọmọ iléèwé ló sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bí òfin ọ̀pá gáàsì ṣe sábà máa ń wá nìyẹn: òkú á ṣíwájú, òfin á tẹ̀ lé e.

Gáàsì kì í dá rìn nínú ọ̀pá. Ẹ̀rọ ló ń tì í, agbára tí ẹ̀rọ fi ń tì í yìí la sì ń pè ní pírẹ́ṣọ̀. Àwọn fọkanáísà wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n kì í fẹ́ ẹ ju bíi 30 sí 35 lọ lórí òṣùwọ̀n wọn. Ọ̀pá tó bẹ́ ní San Bruno, 386 ni pírẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan náà nígbà tó bẹ́. Ẹ wá fojú inú wo táyà kan tí wọ́n fẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 30, tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ títì, tí àwọn ènìyàn sì kọ́lé yí i ká.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà

Ilé-iṣẹ́ Pacific Gas and Electric, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní PG&E, ló ni ọ̀pá náà. Line 132 ni orúkọ rẹ̀, láti Milpitas ló ti ń gbé gáàsì lọ sí San Francisco. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ ń tún iná mànàmáná ṣe ní ibùdó Milpitas. Iṣẹ́ náà dá àṣìṣe sílẹ̀ lára ẹ̀rọ tó ń darí gáàsì, pírẹ́ṣọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Nígbà tó di aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 11 nírọ̀lẹ́, ọ̀pá bẹ́ lábẹ́ àdúgbò kan ní San Bruno.

Ihò tó gbẹ́ sílẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 72, ó fẹ̀ tó 26. Ègé ọ̀pá kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28 fò kúrò lójú ilẹ̀, ó lọ balẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Iná ràn. Pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà síbẹ̀, ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló já. Àwọn panápaná pàápàá kò mọ̀ pé ọ̀pá gáàsì ńlá kan gba abẹ́ àdúgbò náà kọjá.

Ìṣẹ́jú 95 ni gáàsì fi ń tú jáde kí wọ́n tó dá a dúró. Kí ló fà á? Fáàfù tó yẹ kí wọ́n tì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wakọ̀ dé ìdí rẹ̀. Kò sí èyí tó lè ti ara rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n lè ti láti ọ́fíìsì. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi pa rọ́rọ́, ènìyàn 8 ti kú, ilé 38 ti jóná kanlẹ̀, 70 mìíràn sì ti bàjẹ́.

Ohun kan wà tó yẹ kó yà wá lẹ́nu níbí. Iye tó pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti gbé pírẹ́ṣọ̀ ọ̀pá yẹn dé ni 400. Ọ̀pá bẹ́ ní 386. Ìyẹn ni pé kò tíì dé ẹnu ààlà rárá kó tó bẹ́. Àbí irú ààlà wo nìyẹn?

Ọ̀pá tí ìwé pè ní ohun tí kò jẹ́

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí jàǹbá ìrìnnà, NTSB, ló yẹ irin náà wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá ńlá kí ẹ lè rí ohun tí wọ́n rí. Wọ́n á ká irin pẹlẹbẹ yípo, wẹ́dà á wá jó etí méjèèjì pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi ìjópọ̀ yẹn ni ojú ìjó. Bí ìjó náà bá wọlé dáadáa, ó lè lágbára tó irin fúnra rẹ̀. Bí kò bá wọlé, ibẹ̀ ni àìlera ọ̀pá wà.

Ègé kúkúrú mẹ́fà ni wọ́n tò pọ̀ síbi tó bẹ́ náà lọ́dún 1956. Lára èyí tó kọ́kọ́ ya, ìta nìkan ni wọ́n ti jó o, wọn kò jó o láti inú. Ojú ìjó náà kò wọnú irin já. Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí ti lanu láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, ọdún 54 ni pírẹ́ṣọ̀ sì fi ń tì í díẹ̀díẹ̀.

Kí ni àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ wá sọ nípa ọ̀pá yìí? Ó ní ọ̀pá tí kò lójú ìjó rárá ni! Bẹ́ẹ̀, NTSB rí i pé nígbà tí wọ́n ri ọ̀pá yìí, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó kájú òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe ọ̀pá aláìlójú-ìjó tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 30. Ohun tí ìwé náà sọ kò lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ì bá ti ka ìlà kan ṣoṣo yẹn kó sì dìde. Kò sẹ́ni tó dìde.

Àlàfo àkọ́kọ́: òfin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà

Ọ̀nà kan wà tó dájú láti mọ̀ bóyá ọ̀pá lágbára. Wọ́n á kó gáàsì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á rọ omi kún un, wọ́n á sì gbé pírẹ́ṣọ̀ omi náà ga ju èyí tí ọ̀pá máa lò lójoojúmọ́ lọ. Níbi tí ilé bá pọ̀ sí, òfin Amẹ́ríkà béèrè ìlọ́po kan àbọ̀, fún wákàtí 8. Bí ọ̀pá bá máa bẹ́, omi ló máa tú, omi kì í sì í gbiná.

Kalifọ́níà ti sọ ìdánwò yìí di dandan láti ọdún 1961. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọ̀pá gáàsì fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́dún 1968, ìlànà rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1970. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tuntun ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Èyí tó ti wà nílẹ̀ kó tó di ìgbà náà, wọ́n fi sílẹ̀. Ìlànà 1970 ní kí wọ́n wo pírẹ́ṣọ̀ tó ga jù tí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti lò láàárín ọdún 5 tó ṣáájú, kí wọ́n máa bá a lọ pẹ̀lú ìyẹn. Ṣé ẹ rí ibi tí 400 yẹn ti wá báyìí? Wọn kò dán ọ̀pá náà wò kí wọ́n tó mọ ààlà rẹ̀. Ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ tí kò bẹ́ ni wọ́n sọ di ẹ̀rí pé kò ní bẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: dídán ọ̀pá àtijọ́ wò máa ń náni lówó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti gáàsì pa nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pá tuntun àti ọ̀pá àtijọ́, èwo ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà wá jù?

Àlàfo kejì: olùbẹ̀wò tó ń ka ìwé

Bí Amẹ́ríkà ṣe pín iṣẹ́ náà rèé. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní PHMSA, lọ́dún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ló ń ṣe ìlànà. Ọ̀pá tó bá gba ìpínlẹ̀ kan kọjá sí òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Èyí tí kò bá jáde kúrò nínú ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ náà ló sábà máa ń bójú tó o. Ní Kalifọ́níà, àjọ CPUC ló ń ṣe é. Àjọ kan náà ló tún ń pinnu iye tí ilé-iṣẹ́ iná àti gáàsì máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú. NTSB ní tiẹ̀ kò lè bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Ó ń wádìí, ó sì ń gbani nímọ̀ràn.

Lọ́dún 2002, òfin mìíràn jáde pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa yẹ ara ọ̀pá rẹ̀ wò láwọn ibi tí ènìyàn pọ̀ sí, kó mọ ewu tó wà níbẹ̀, kó sì tún un ṣe. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ọ̀nà tó máa gbà yẹ̀ ẹ́ wò, olùbẹ̀wò ìjọba á sì wá wo bó ṣe ṣe é. Ọ̀nà tí PG&E lò fún Line 132, ibi tí irin bá ti dípẹtà ló lè fi hàn. Kò lè rí ojú ìjó tí kò wọlé. Kí ló dé tí wọ́n fi yan ọ̀nà yẹn? Nítorí ìwé ti sọ pé ọ̀pá náà kò lójú ìjó! Àṣìṣe inú ìwé ló yan irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, àyẹ̀wò náà sì fi àṣìṣe inú ìwé sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn olùbẹ̀wò CPUC wá, wọ́n yẹ ètò ilé-iṣẹ́ náà wò, wọn kò rí àbùkù yìí. Nígbà tí NTSB gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011, PG&E ló di ẹ̀bi rù: iṣẹ́ tí wọn kò bójú tó lọ́dún 1956, àti ètò àyẹ̀wò tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n kò dá ìjọba sí. Ó ní bí CPUC àti ìjọba àpapọ̀ ṣe yọ ọ̀pá àtijọ́ kúrò nínú ìdánwò wà lára ohun tó dá kún un, àti bí CPUC ṣe kùnà láti rí àbùkù ètò ilé-iṣẹ́ náà.

Ìkìlọ̀ sì ti wà ṣáájú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2008, gáàsì jò láti ọ̀pá PG&E kan ní Rancho Cordova, ilé kan bú, ẹnìkan kú. Ọ̀pá tí kò bá ìlànà mu ni wọ́n fi tún ibẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ìdáhùn wọn nígbà tí wọ́n pè wọ́n sì pẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni CPUC tó gbé ẹjọ́ ìjìyà lé e lórí, lẹ́yìn tí San Bruno ti jó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àlàfo kẹta: ìjìyà

Lóṣù Kẹrin ọdún 2015, CPUC bu owó ìtanràn dọ́là bílíọ̀nù 1.6 fún PG&E. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Mílíọ̀nù 300 lọ sápò ìpínlẹ̀. Mílíọ̀nù 400 padà sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Mílíọ̀nù 850, àwọn tó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà ló máa san án láti fi tún ọ̀pá ṣe, wọn kò gbọdọ̀ gbé e lé ará ìlú lórí. Mílíọ̀nù 50 tó kù wà fún àwọn ètò ààbò mìíràn. Bí wọn kò bá là á sílẹ̀ báyìí, ẹni tí ilé rẹ̀ jó lè tún wá máa san owó ìtanràn ẹni tó jó o, látinú owó gáàsì rẹ̀ lóṣooṣù.

Ìjọba àpapọ̀ náà gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé-ẹjọ́. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ rí i pé ó jẹ̀bi ẹ̀sùn 6: 5 lórí òfin ààbò ọ̀pá, ìkẹfà lórí dídí ìwádìí NTSB lọ́wọ́. Ìjọba ti kọ́kọ́ ń wá ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 562, àmọ́ wọ́n fa ọwọ́ ìyẹn sẹ́yìn kí ìdájọ́ tó jáde. Ohun tó kù tí òfin gbà láàyè ni dọ́là mílíọ̀nù 3, òun náà sì ni wọ́n dá lóṣù Kìíní ọdún 2017. Wọ́n fi ọdún 5 lábẹ́ ìṣọ́ ilé-ẹjọ́ kún un, pẹ̀lú wákàtí 10,000 iṣẹ́ sísìn ìlú, wọ́n sì ní kí ilé-iṣẹ́ náà polówó ẹ̀bi ara rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kankan kò ṣẹ̀wọ̀n. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ilé-iṣẹ́ kò sì ní ara tí wọ́n lè tì mọ́lé.

Ohun kan tún tú síta lọ́dún 2014. Ìméèlì fi hàn pé àwọn ọ̀gá PG&E àti àwọn kan ní CPUC ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ nípa adájọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kó gbọ́ ọ̀ràn owó gáàsì wọn. Ilé-iṣẹ́ náà lé àwọn ọ̀gá 3 kúrò níṣẹ́, olórí CPUC náà sì fipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, lóòótọ́, àmọ́ bí àgbà ọjà bá ti ń bá ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n jẹun nínú abọ́ kan náà, ta ló máa bá a wí?

Kí ló yí padà?

Nǹkan yí padà, kò yẹ ká purọ́. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù Kìíní ọdún 2012 sọ ìtanràn tí PHMSA lè bù di ìlọ́po méjì: láti dọ́là 100,000 sí 200,000 fún ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́jọ́ kan, àti láti mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 2 fún àpapọ̀ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó so mọ́ra. Lọ́dún 2022, PHMSA ní kí ọ̀pá ńlá tuntun máa ní fáàfù tí wọ́n lè tì láàárín ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀pá bẹ́. Ẹ fi 30 yẹn wé 95.

Àwọn ọ̀pá àtijọ́ ńkọ́? Ìlànà tó jáde lọ́dún 2019 ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹ̀rí tó dájú gbe ààlà pírẹ́ṣọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ parí ìdajì kó tó di àárín ọdún 2028, kí wọ́n sì parí gbogbo rẹ̀ lọ́dún 2035. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1970 sí 2035 jẹ́ ọdún 65.

Àwa náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Badagry wọ inú òkun, ó ń bọ́ Kutonu àti Lomé kó tó dé Gánà, kìlómítà 678 ni gígùn rẹ̀. Òfin epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2021 sì dá àjọ kan sílẹ̀, NMDPRA, tí ọ̀rọ̀ ọ̀pá gáàsì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ àjọ kì í ṣe ìṣòro wa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà nípò láti béèrè, yálà ẹ jẹ́ agbẹjọ́rò, oníròyìn, ẹnjiníà, tàbí ẹ kàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ mú dání. Ọ̀pá wo ni òfin yìí kò kàn? Nígbà tí olùbẹ̀wò wá kẹ́yìn, ṣé ìwé ló kà ni, àbí ó fojú ara rẹ̀ rí irin, ó sì rí èsì ìdánwò omi? Bí nǹkan bá bàjẹ́, àpò ta ni ìtanràn ti máa jáde? Bí wọ́n bá fi fáìlì tó nípọn dá yín lóhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ní San Bruno, fáìlì wà níbẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní.